Bárakú Ọwọ́ àti Ọjọ́ Orí Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Láti ìgbà tí agbágọ́ọ̀fù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ sẹ́yìn títí tí ọ̀pá náà á fi kan bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Lílọ sẹ́yìn ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bíbọ̀ wálẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Àkókò tí orí ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù fi ń fara kanra kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá; nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ojú tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ tó dáhùn, ó ń gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, bí ọ̀pá bá ti ń bọ̀ wálẹ̀, ẹni tó dì í mú kò lè tún un ṣe mọ́. Kó tó mọ̀ pé òun ti ṣì í gbá, bọ́ọ̀lù ti wọgbó. Ohun tó ti wà nínú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló jáde. Òun ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní swing, òun náà sì ni a lè pè ní ọwọ́ ẹni nínú eré yìí, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Bí ìpinnu èèyàn kò bá lè wọ inú ìṣe rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, báwo ni ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà kan láti ọgbọ̀n ọdún, ṣe fẹ́ máa gbá a lọ́nà mìíràn? Nikodémù béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ Jésù lóru: ṣé àgbàlagbà lè padà sínú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tún un bí ni? Ọkàn ni ọ̀rọ̀ tiwọn dá lé, ti agbágọ́ọ̀fù dá lé ìbàdí àti ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n ohun tó rú àwọn méjèèjì lójú kò yàtọ̀. Àwọn Yorùbá kì í pẹ́ fèsì sí i: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe náà sọ pé iṣẹ́ náà le. Kò sọ ohun tó mú un le, ohun tó sì ń jẹ́ kó le kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, to ọ̀rọ̀ bárakú lẹ́sẹẹsẹ. Ní tirẹ̀, ilé kíkọ́ ló ń sọ èèyàn di kọ́lékọ́lé, háàpù títa ló ń sọ ọ́ di atahààpù. Ìwà rere náà, híhù ú léraléra ló ń jẹ́ kó mọ́ni lára. Ó wá fi kún un pé ohun tó bá ti mọ́ni lára tán kì í kúrò kìkì nítorí pé ẹni tó ni ín fẹ́ kó kúrò. Ẹni tó ju òkúta lágbára láti má jù ú. Ṣùgbọ́n bó ti jù ú tán, kò sí bó ṣe fẹ́ pè é padà. Àpẹẹrẹ náà bá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mu ju bí Aristotle ì bá ti mọ̀ lọ.

William James, dókítà àti amòye ará Amẹ́ríkà, tún mú un le sí i. Nínú ìwé rẹ̀ The Principles of Psychology, tó jáde lọ́dún 1890, ó ní tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fi máa pé ọgbọ̀n ọdún, ìwà wọn ti gan bíi píláásítà, kì í sì í rọ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ kà á sí ohun tó ṣe ayé láǹfààní. Ní ti ohùn ẹnu, ìrìn ẹsẹ̀ àti ìṣọwọ́ṣe, ó ní wọn kì í dúró dìgbà yẹn. Kí èèyàn tó pé ogún ọdún ni wọ́n ti ń gan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹni tó dàgbà tán kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí James ń wí. Ẹni ọdún 48 ni James fúnra rẹ̀ nígbà tí ìwé náà jáde.

Ìwádìí ti mú kí píláásítà yẹn rọ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní Yunifásítì Zürich, ní Switzerland, tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 60. Lẹ́yìn ogójì wákàtí tí kálukú wọn fi kọ́ eré náà nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwòrán ọpọlọ wọn fi hàn pé àwọn ibi kan tó jẹ mọ́ ìṣípòpadà ara ti nípọn sí i. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò kọ́ gọ́ọ̀fù kò ní irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ẹni àádọ́ta ọdún kì í ṣe píláásítà, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìdajì ìbéèrè ni èyí dáhùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan kò ní ohun tó fẹ́ gbàgbé. Ẹni tó ti ń gbá a láti ọgbọ̀n ọdún ní. Kíkọ́ ọ̀tun yàtọ̀ sí títú ògbólógbòó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ohun tí ọjọ́ orí ń gbà lọ kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sókè ni iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá nínú wọn ló sì ń tètè lọ jù. Ìgbáròkó kì í yí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, eegun ẹ̀yìn náà kì í lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé orí ọ̀pá kì í yára tó ti àná, bọ́ọ̀lù kì í sì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èyí ní ètùtù tirẹ̀, kò sì ṣòro: kí gìgísẹ̀ òsì gbéra díẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá ń lọ sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún ya síta díẹ̀ kí ìbàdí lè ríbi yí sí, kí ọ̀pá fúyẹ́ sí i, kí wọ́n má sì gbé e lọ jìnnà jù. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó fi gbogbo ìyẹn han èèyàn. Àwọn tó ń ta ọ̀pá tuntun máa ń sọ ọ́ bíi pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí.

Ìṣòro gidi máa ń hàn tí olùkọ́ bá fọwọ́ kan dídi ọ̀pá mú. Ẹ wo ọwọ́ òsì agbágọ́ọ̀fù tó ń fi ọ̀tún gbá, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń ya sápá ọ̀tún láti ọdún gbọ́nhan. Ọ̀pá gba àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá, àtàǹpàkò rẹ̀ nà gbọọrọ sí àárín ọ̀pá, bó bá sì wo ìsàlẹ̀, agbára káká ló fi ń rí oríkèé ìka kan ṣoṣo lẹ́yìn ọwọ́ náà. Olùkọ́ á sún ọ̀pá náà wá sí ìdí àwọn ìka, á yí ọwọ́ náà sápá ọ̀tún díẹ̀ títí oríkèé méjì á fi hàn, àtàǹpàkò á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Gbogbo ohun tó yí padà kò ju ìbú ìka kan lọ. Lójú ẹni tó di ọ̀pá náà mú, ó dà bíi pé wọ́n fún un ní ọwọ́ ẹlòmíràn. Á ní ó wọ́, á ní kò lè gbá nǹkan kan báyìí. Bó bá wá gbá a lóòótọ́, bọ́ọ̀lù á fò sápá òsì, á kó sígbó tí kò kó sí rí láyé.

Ohun tó fà á kò ṣòro lóye. Láti ìgbà tí ojú ọ̀pá rẹ̀ ti ń ṣí sílẹ̀ nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ ti wá ọgbọ́n kan dá sí i láìsọ fún un: èjìká rẹ̀ ń kọjú sápá òsì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gé bọ́ọ̀lù láti òde wá sínú. Àṣìṣe kan ló ń gbe òmíràn nídìí. Bí wọ́n bá tún ọ̀kan ṣe, èkejì á kù láìní ẹnìkejì, èsì rẹ̀ á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ á gbà pé olùkọ́ ti bà á jẹ́. Kó tó pẹ́, á ti rọra yí ọwọ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn láìmọ̀ pé òun yí i.

F. M. Alexander, tí wọ́n bí ní Tasmania lọ́dún 1869, ti fara gbá irú rẹ̀ níbòmíràn. Ewì àti eré orí ìtàgé ló fi ń jẹun, ohùn rẹ̀ sì máa ń há bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí dókítà kò rí ọ̀nà ṣe sí i, ó fi dígí wo ara rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé bí òun bá ti fẹ́ la ẹnu, òun máa ń fa orí sẹ́yìn, ọ̀nà ọ̀fun á sì fún. Ó pinnu láti má fà á mọ́. Ó ṣe é títí ó fi dá a lójú pé ó ti yí padà; ó padà wo dígí, orí ṣì ń lọ sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ gígùn lójú ara rẹ̀, wíwọ́ ni, nítorí inú wíwọ́ ni ara ti kọ́ bí gígùn ṣe ń rí. Nínú ìwé rẹ̀ The Use of the Self, ti ọdún 1932, ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún agbágọ́ọ̀fù tí kò lè fojú sí bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin náà mọ̀ pé kò yẹ kí òun gbójú sókè, wọ́n sì ń sọ fún un lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbá a báyìí, ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ni ọkàn rẹ̀ wà, gbogbo bárakú rẹ̀ á sì dìde láti gbé e débẹ̀, pẹ̀lú gbígbójú sókè náà. Oògùn tí Alexander fún un ni pé kó kọ́kọ́ kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù: kó jẹ́ kí ìfẹ́ àtigbá náà dé, kó má dá a lóhùn, títí ara á fi ráyè gba ọ̀nà mìíràn.

John Dewey, ọ̀kan nínú àwọn amòye tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Alexander láti ọdún 1916, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 55. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú mẹ́ta nínú ìwé Alexander, òun ló kọ ọ́. Nínú ìwé tirẹ̀, Human Nature and Conduct, tó jáde lọ́dún 1922, ó jiyàn pé ẹni tí ìdúró rẹ̀ wọ́ kò lè nà kìkì nítorí pé ó fẹ́ nà. Bó bá gbìyànjú, irú wíwọ́ mìíràn ló máa fi rọ́pò ti àkọ́kọ́, nítorí pé bárakú kì í ṣe irinṣẹ́ tí ìpinnu ń gbé sílẹ̀ bó bá wù ú. Bárakú gan-an ni ìpinnu fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti dàgbà ló ń sọ ọ́, ẹni tó ti fi ọrùn àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ dán an wò.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí àyípadà ń béèrè lọ́wọ́ àgbà ni pé kó fara da àkókò kan tí yóò fi burú ju bó ṣe wà lọ, ní ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ibí ni ìtìjú ti ń wọlé, ó sì jọ pé ìtìjú ń dá àgbà padà ju eegun lọ. Ọmọdé tó ń kọ́ gọ́ọ̀fù kò ní orúkọ tó fẹ́ dáàbò bò. Àgbà ní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ iye tó ń gbá, tẹ́tẹ́ kékeré ọjọ́ Sátidé wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ń ya sápá ọ̀tún náà sì ti di ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, sọ nínú ìwé rẹ̀ Euthydemus bí Sókírátísì, olùkọ́ rẹ̀, ṣe ń kọ́ háàpù lọ́jọ́ ogbó lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Konnos, tí àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ sì ń fi í rẹ́rìn-ín, tí wọ́n tún ń bú olùkọ́ wọn pé olùkọ́ àwọn arúgbó ni. Ohun tó dun Sókírátísì níbẹ̀ kò ju kí wọ́n má bú olùkọ́ nítorí òun lọ.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ní àwọn kilọ́ọ̀bù Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù jẹ́ ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kádì, tó ti ru àpò ọ̀pá kiri kó tó mọ eré náà mọwọ́. Ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún nílé àti lẹ́nu iṣẹ́ ló ń dúró níwájú ọmọ tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò lè pàṣẹ fún un. "Dádì, ẹ rọra, ẹ má fi agbára sí i" ni yóò sọ, bí Dádì bá sì tún fi agbára sí i, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ sà," á sì gbé bọ́ọ̀lù mìíràn kalẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí tó ń jẹ́ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún àgbà lè di ohun tó ń fi òtítọ́ pa mọ́ fún àgbà, àfi bí àgbà fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹni ogójì ọdún ni Ànábì nígbà tí ìfihàn kọ́kọ́ dé bá a, àti pé púpọ̀ nínú àwọn sàábé rẹ̀ ti dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Àlùkùráánì. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ni wọ́n ń kọ́. Eré ni èyí, eré sì ni àgbà ti máa ń fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ọ̀gá.

Nick Faldo, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi iye tí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ń náni hàn. Ó ti wà ní iwájú àwọn agbágọ́ọ̀fù Yúróòpù lọ́dún 1983. Ní nǹkan bí ọdún 1985 ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá olùkọ́ gọ́ọ̀fù David Leadbetter tú ọwọ́ rẹ̀ palẹ̀, fún nǹkan bí ọdún méjì ni àwọn èèyàn sì fi ń béèrè ohun tó ń ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 1987, ní Muirfield ní Scotland, ó gba ife Open, ó sì gbá gbogbo ihò 18 ti ọjọ́ ìkẹyìn ní iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín. Ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ orí tí James sọ pé píláásítà ń gan.

Ti Vijay Singh tún jọni lójú. Fiji ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1963, àwọn ará Èkó sì mọ orúkọ rẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló gba Nigerian Open lọ́dún 1988. Ìdíje 34 ló gbà lórí PGA Tour ní Amẹ́ríkà, 22 nínú wọn ló sì gbà lẹ́yìn tó pé ẹni ogójì ọdún. Mẹ́sàn-án ló gbà lọ́dún 2004 nìkan. Bernhard Langer ti Jámánì, tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n lórí ìgbá kéékèèké tó ń lọ sínú ihò nígbà mélòó kan láyé rẹ̀, tó sì ń yí bó ṣe ń di ọ̀pá mú padà láti bọ́ nínú rẹ̀, gba U.S. Senior Open lọ́dún 2023 ní ẹni ọdún 65. Kí ẹni tó ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ má fi ara rẹ̀ wé wọn; iṣẹ́ wọn ni. Ohun tí wọ́n fi hàn kò ju pé ògiri tí James mọ kò ga tó bó ṣe sọ.

Ìdẹkùn kejì wà tó ń dúró de àgbà tó ti borí ìtìjú. Sian Beilock àti Thomas Carr ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 lórí gbígbá bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń ṣì í bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níṣìísẹ̀ níṣìísẹ̀. Ṣáájú wọn, lọ́dún 1999, Gabriele Wulf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé àwọn tó ń kọ́ gọ́ọ̀fù ń ṣe dáadáa bí wọ́n bá fi ọkàn sí bí ọ̀pá ṣe ń lọ ju bí wọ́n bá fi sí apá wọn. Bẹ́ẹ̀, láìṣọ́ ọwọ́, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ yí i padà? Ìtakora yìí ló ń mú kí àwọn tó ń ka ìwé gọ́ọ̀fù púpọ̀ máa gbá a burúkú. Wọ́n á dúró lórí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìlànà mẹ́jọ lórí, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kò sì gba ẹyọ kan. Ìmọ̀ ṣíṣe nǹkan kì í ṣe ìmọ̀ òfin tí èèyàn ń kà sókè nínú ara rẹ̀ kó tó ṣe é. Gilbert Ryle, amòye ará Gẹ̀ẹ́sì, jiyàn ìyẹn lọ́dún 1949 nínú The Concept of Mind, kò sì tíì sí ẹni tó já a nírọ́ lórí pápá gọ́ọ̀fù.

Àfi kí wọ́n ya àkókò ìdánrawò àti àkókò eré sọ́tọ̀ síra wọn. Nínú ìrun àwọn Mùsùlùmí, kí èèyàn tó kábàrà ló ń dá níyà rẹ̀, ìyẹn ìpinnu ọkàn. Bó bá ti wọnú ìrun, kì í tún máa padà lọ dá níyà náà mọ́. Agbágọ́ọ̀fù náà, ibi ìdánrawò ni kó ti ṣọ́ ọwọ́, kó fì í díẹ̀díẹ̀, kódà láìsí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ló ń jí bárakú dìde. Bó bá wọ pápá, kó yan ibi tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ, kó tún dídi ọ̀pá mú rẹ̀ wò, kó sì gbá a. Ìwọ̀nba àyè tí ìpinnu ní nìyẹn. Àyè náà kéré, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọjọ́ orí kì í dín kù.

Ó ku bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí àgbà máa dààmú ara rẹ̀. Nínú ìwé tí Cicero, amòye ará Róòmù, kọ lórí ogbó lọ́dún 44 ṣáájú ìbí Jésù, Cato arúgbó sọ pé òun kọ́ èdè Gíríìkì lọ́jọ́ ogbó, ó sì fi Sókírátísì àti háàpù rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Nínú èrò Yorùbá, orí ni wọ́n ń yàn lọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń gbé orí dé ibi tó ń lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ ọjọ́ orí tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń wá ọwọ́ tó já gaara àti ẹni tó ń wá jíjìnnà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ nígbà tó wà ní ẹni ọdún 35. Ẹni kejì ń bá ọjọ́ jà. Lọ́dún 2009 ní Turnberry, Tom Watson, ẹni ọdún 59 tí wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀ kan lọ́dún tó ṣáájú, dé ihò ìkẹyìn Open pẹ̀lú ìgbá kan níwájú gbogbo àwọn ọ̀dọ́. Ó gbá irin 8 rẹ̀ sí gíríìnì, ó gbá a dáadáa, bọ́ọ̀lù sì yí kọjá gíríìnì. Stewart Cink ló gba ife náà nínú àfikún. Ọwọ́ Watson kò já a kulẹ̀ lórí ìgbá yẹn. Ilẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù náà jìnnà.

Ọwọ́ àtijọ́ kì í kú pátápátá. Ọ̀tun á bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí àyà bá já, bí owó tàbí ojú èèyàn bá wọ̀ ọ́, á yọjú. Aristotle ya ẹni tí ohun búburú kò wù mọ́ sọ́tọ̀ sí ẹni tó ṣì ń wù, tó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó fi ẹni àkọ́kọ́ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó yí ọwọ́ padà lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ipò kejì ni wọ́n máa wà títí. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, kò ní ka ìyẹn sí ìkùnà. Ọdún 386 ni ọkàn rẹ̀ yí padà ní Milan. Nínú ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀, tó kọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó sọ pé àwọn ohun tí òun ti kọ̀ sílẹ̀ ṣì ń wá bá òun lójú oorun, wọ́n sì lágbára níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ní lójú mọ́mọ́ lọ. Kò tìtorí ìyẹn sọ pé ìyípadà òun kì í ṣe òótọ́.